Òjò Dídì Tí Ń Ya Lulẹ̀ Láti Orí Òkè

Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, nígbà tí ìgbà òtútù bá wọlé dé, omi tí ìbá rọ̀ bí òjò a máa dì nínú àwọsánmà kí ó tó bọ́ sílẹ̀. Ohun tí ó ń bọ́ yìí yàtọ̀ sí yìnyín tí ó máa ń bá òjò wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ó máa ń ró gbà-gbà-gbà lórí páànù, tí àwọn ọmọdé sì máa ń sáré ṣà sẹ́nu. Òjò dídì kì í ró rárá. Ó fúyẹ́ bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, ó funfun nigínnigín, ó sì máa ń balẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó sùn nínú ilé kò ní mọ̀ pé ó rọ̀ mọ́jú, àfi ìgbà tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀. Ẹni tí ó bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀ kò ní gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè wó ilé olókùúta, kí ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti ṣe é, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Bí a bá kan àpótí kan tí òró, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, tí a sì rọ òjò dídì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kún inú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ yóò tó nǹkan bí 100 kílógíráàmù, èyí tí í ṣe ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì méjì. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti gbá a jọ, tí ó sì ti kì í mọ́lẹ̀, àpótí kan náà lè wọn tó 300 kílógíráàmù. Lórí ẹ̀gbẹ́ òkè kan ṣoṣo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, tí gbogbo wọn rọ̀ mọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà, tí kò sì sí okùn tàbí ìṣó tí ó dè wọ́n mú, bí kò ṣe bí hóró kan ti fara mọ́ èkejì. Nígbà tí ìfaramọ́ra náà bá já, gbogbo ẹrù náà a dà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní àfaláǹṣì. Ní èdè Yorùbá, a lè pè é ní ìyalulẹ̀ òjò dídì.

Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ọ̀ràn yìí ti kan àwọn ènìyàn jù lọ ni àárín àwọn òkè Alps ní ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn òkè wọ̀nyí na láti ilẹ̀ Faransé, wọ́n gba ilẹ̀ Ítálì àti Swítsálándì kọjá, wọ́n sì wọ ilẹ̀ Ọ́stríà. Àwọn kan nínú wọn ga ju 4,000 mítà lọ. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá ń gbé ẹsẹ̀ òkè wọ̀nyí kì í gun orí wọn ní ìgbà òtútù àfi bí ọ̀ràn bá kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Ṣùgbọ́n láti ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ sẹ́yìn ni àwọn ènìyàn ti sọ gígun òkè di eré ìdárayá. Wọn a de pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì, tí wọ́n ń pè ní síkì, mọ́ bàtà wọn. Wọn a fi làálàá gun òkè fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn a sì yọ̀ wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bí ẹni tí ń fò. Àwọn kan ń ṣe eré yìí ní ibi tí àwọn olùṣọ́ ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ ní òwúrọ̀. Àwọn mìíràn kò fẹ́ èrò. Ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tíì kàn ni wọ́n ń wá lọ, ní àwọn àfonífojì àti kọ̀rọ̀ òkè tí kò ní ọ̀nà, tí kò sì ní olùṣọ́. Irú àwọn wọ̀nyí ni ìyalulẹ̀ ń pa jù lọ lóde òní. Ní ilẹ̀ Swítsálándì nìkan, ó ń pa ènìyàn tí ó lé ní ogún lọ́dọọdún, bí a bá ro ọ̀pọ̀ ọdún pọ̀ tí a sì pín in dọ́gba.

Kí ènìyàn tó lè mọ ìdí tí òjò dídì fi ń ya, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ bí ó ti ń kó ara jọ. Ẹni tí ó bá ti rí bí àwọn àgbà ti ń mọ ilé alámọ̀ mọ̀ pé a kì í mọ ọ́n tán ní ọjọ́ kan. Wọn a mọ ìpele kan, wọn a jẹ́ kí ó gbẹ, kí wọ́n tó gbé èkejì lé e. Bí mọlémọlé bá fi amọ̀ burúkú mọ ìpele kan ní ìsàlẹ̀, kò sí bí amọ̀ ti òkè ti lè dára tó, ibi amọ̀ burúkú yẹn ni ògiri náà yóò ti yẹ̀ ní ọjọ́ tí yóò bá wó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òjò dídì rí. Ìgbàkígbà tí ó bá rọ̀, ìpele tuntun ni ó ń tẹ́ lé ti àtijọ́, títí ìpele mẹ́wàá tàbí ogún yóò fi gun orí ara wọn kí ìgbà òtútù tó parí. Ojú lásán kò lè rí i. Òkè kan náà, ẹ̀gbẹ́ kan náà, funfun kan náà ni ènìyàn ń wò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbẹ́ kòtò sínú rẹ̀ dé ilẹ̀, gbogbo ìtàn ìgbà òtútù náà ni yóò hàn lára ògiri kòtò náà: ọjọ́ tí ìjì jà, ọjọ́ tí oòrùn mú, ọ̀sẹ̀ tí òtútù gan ilẹ̀ pa.

Àwọn ìpele wọ̀nyí kò rí bákan náà. Èyí tí ó bọ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ parọ́rọ́ a rọ̀, a sì fúyẹ́. Èyí tí ìjì gbá wá a le, a sì dì pọ̀ ní pẹlẹbẹ bí pátákó. Bí oòrùn bá ràn sí ojú òjò dídì ní ọ̀sán, tí òtútù sì mú un ní òru, ojú náà a di èépá yìnyín tí ó ń dán. Àwọn ìpele méjì kan wà tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà bẹ̀rù ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Èkíní ni ìrì dídì. Ní òru tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, tí kò sí afẹ́fẹ́, ìrì a máa sẹ̀ sí ojú òjò dídì bí ó ti ń sẹ̀ sí ewéko, ṣùgbọ́n ní ibi tí òtútù ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kíá ni yóò dì. A máa hù bí ìyẹ́ ẹyẹ wẹ́wẹ́ tí ó nàró, tí ó ń tàn yanranyanran nígbà tí oòrùn bá yọ. Nínú gbogbo ohun tí ojú lè rí ní orí òkè, bóyá ni ọ̀kan wà tí ó lẹ́wà tó o. Ṣùgbọ́n bí òjò dídì tuntun bá bò ó mọ́lẹ̀ kí oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ tó bà á jẹ́, àwọn ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí ni yóò máa gbé ẹrù náà, bí ìgbà tí a bá gbé òkúta ọlọ lé orí ìṣáná tí a tò ní ìnàró. Wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Èkejì ń ti ìsàlẹ̀ wá. Ilẹ̀ tí òjò dídì bò mọ́lẹ̀ kì í tutù tó afẹ́fẹ́ òkè rẹ̀, nítorí pé òjò dídì ń ṣe bí aṣọ ìbora fún un. Bí òtútù òkè bá mú gan-an, tí ó sì jẹ́ pé aṣọ ìbora náà tín-ín-rín, ọ̀rinrin a máa rú láti ìsàlẹ̀ gba àárín àwọn hóró kọjá lọ sókè. Bí ó ti ń rú ni ó ń jẹ ibi tí hóró kan ti so mọ́ èkejì, títí wọn yóò fi di hóró ńláńlá tí kò mọ ara wọn rí. Ẹni tí ó bá bù ú sọ́wọ́ yóò rí i pé kò ṣeé rọ ní ìṣù. Ó ń yọ̀ ní àárín ìka bí gàárì gbígbẹ tàbí ṣúgà. Ìdí nìyí tí ọdún tí òjò dídì kò pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù fi máa ń burú ju ọdún tí ó pọ̀ lọ. Àlejò yóò rò pé bí kò bá ti pọ̀, ewu kò pọ̀. Onílé mọ̀ pé ìpìlẹ̀ jíjẹrà ni èyí tí ó tín-ín-rín yẹn ń fi lélẹ̀ fún gbogbo ohun tí yóò gun orí rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn àtijọ́ tí ó sọ̀rọ̀ nípa irú ìpele bẹ́ẹ̀ jẹ mọ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kan. Ní ọdún 218 kí a tó bí Olúwa wa, Hannibal, ọ̀gágun ìlú Carthage, ìlú tí ó wà níbi tí ilẹ̀ Túnísíà wà lónìí, kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ pẹ̀lú ẹṣin àti erin gba orí òkè Alps kọjá láti lọ bá àwọn ará Róòmù jà. Polybius, òpìtàn ọmọ Gíríìkì, ròyìn pé òjò dídì tuntun ti bo èyí tí ó ṣẹ́kù láti ọdún tí ó kọjá. Èyí tuntun rọ̀, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun a sì wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ bá kan ti àtijọ́ nísàlẹ̀, tí ó ti le bí àpáta, méjèèjì a yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ènìyàn a sì ṣubú. Àwọn ẹranko tí ó ru ẹrù a tilẹ̀ rì sínú ìpele ìsàlẹ̀ náà, wọn a sì há síbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ó wá láti ilẹ̀ oòrùn kò rí irú rẹ̀ rí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kò sì kúrò lórí òkè náà láàyè.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè ni òjò dídì lè ti ya. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, yóò jókòó síbẹ̀. Bí ó bá sì dúró ṣánṣán bí ògiri, òjò dídì kò ní lè kó jọ síbẹ̀ púpọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yọ̀ dànù. Ibi tí ó léwu jù ni àárín méjèèjì, níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè bá tó digirí 30 sí 45. Ó ṣeni láàánú pé ibẹ̀ gan-an ni ó dùn ún fi síkì yọ̀. Afẹ́fẹ́ náà ní ipa tirẹ̀. Bí ọyẹ́ ti í máa gbá ewé gbígbẹ jọ sí ẹ̀yìn ilé, bẹ́ẹ̀ ni ìjì orí òkè ń gbá òjò dídì kúrò ní ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí i, tí ó ń kó o lé ẹ̀gbẹ́ kejì. Láìjẹ́ pé òjò dídì tuntun rọ̀ rárá, ẹ̀gbẹ́ kan lè gba ẹrù ọ̀sẹ̀ kan ní òru ọjọ́ kan.

Nígbà tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí bá pé, tí pẹlẹbẹ líle kan jókòó lé ìpele aláìlágbára lórí ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ohun tí ó kù kò ju ìwọ̀n ènìyàn kan lọ. Eku tí ó wọ abẹ́ ẹ̀bìtì kọ́ ni ó ń gbé òkúta ẹ̀bìtì. Kìkì pé ó fara kan igi tí ó gbé òkúta náà dúró ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó gun síkì kọjá lórí pẹlẹbẹ náà. Ìpele aláìlágbára a fọ́ ní abẹ́ rẹ̀, fífọ́ náà a sáré lọ sí ọ̀tún àti sí òsì yíyára ju bí ènìyàn ti lè sá lọ, ojú òjò dídì a sì la gbooro lókè orí rẹ̀ bí ìgbà tí àwo fọ́. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ohun tí ó dúró lé lórí ti ń rìn. Ìyalulẹ̀ òjò dídì gbígbẹ lè sáré tó 100 kìlómítà láàárín wákàtí kan, èyí tí ó sì tóbi jù, tí ó gbé ìkùukùu funfun sókè níwájú ara rẹ̀, a máa sáré ju 200 lọ. Nínú ẹni mẹ́wàá tí ìyalulẹ̀ pa ní orí òkè, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni ó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń lọ ni ó tẹ ẹ̀bìtì náà.

Òkè a máa kìlọ̀ kí ó tó ṣe é. Nígbà mìíràn, ẹni tí ń rìn lórí òjò dídì yóò gbọ́ tí ilẹ̀ ró hùm lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ju àpò ìrẹsì sílẹ̀ nínú yàrá ìsàlẹ̀. Ìpele aláìlágbára ni ó wó níbẹ̀, bí kò bá sì jẹ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ọ̀ràn ti bẹ́. Nígbà mìíràn, ojú òjò dídì a la láti ibi orí síkì lọ síwájú. Bí òmíràn bá ti ya ní òkè tí ó dojú kọ ibẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìkìlọ̀ ni. Bí òjò dídì púpọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, tàbí bí ooru bá dé lójijì, ìkìlọ̀ ni pẹ̀lú. Ní ìparí ìgbà òtútù, nígbà tí oòrùn bá ń yọ́ ojú òjò dídì, omi a ṣàn wọ inú àwọn ìpele, a sì tú wọn. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń gun òkè ní ìgbà náà fi máa ń jáde kúrò nílé ní òru, kí wọ́n lè gòkè kí wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Bí ìkìlọ̀ bá pọ̀ tó báyìí, èéṣe tí àwọn ènìyàn fi ń kú? Àwọn tí ó ti wádìí ọ̀ràn yìí kò rí i pé àìmọ̀ nìkan ni ó ń pa wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kú ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìyalulẹ̀, wọ́n sì ní irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ kejì ìjì ni ojú ọ̀run máa ń mọ́ jù, tí òjò dídì tuntun ń tàn, tí gbogbo ara sì ń yá. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹrù tuntun tíì jókòó lé òkè láìtíì fìdí múlẹ̀. Ẹlòmíràn ti rìnrìn àjò jìnnà, ó ti san owó ilé àlejò, ọjọ́ tí ó ní kò sì ju mẹ́ta lọ. Ẹlòmíràn rí ipasẹ̀ àwọn tí ó kọjá ní iwájú, ó sì rò pé níwọ̀n bí nǹkan kò ti ṣe wọ́n, kò ní ṣe òun. Kò mọ̀ pé ibi tí ìpele òkè nípọn ni wọ́n tẹ̀, àti pé ibi tí ó tín-ín-rín ni òun fẹ́ tẹ̀. Ẹlòmíràn ti gba ibẹ̀ nígbà ogún. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, ó lè jẹ́ pé ọkàn ẹni méjì kò balẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n tí olúkúlùkù wọn dákẹ́ nítorí kò fẹ́ kí a pe òun ní ojo. Ó ṣòro láti sọ èyí tí ó burú jù nínú gbogbo ìdí wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ó dunni jù, nítorí pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìbá dá wọn padà sílé.

Nígbà tí ìyalulẹ̀ bá ń lọ lọ́wọ́, ó ń ṣàn bí omi, ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ sì lè máa jà bí òmùwẹ̀. Ṣùgbọ́n ní kété tí ó bá dúró, ó gan bí sìmẹ́ńtì. Ẹni tí ó bò mọ́lẹ̀ kò ní lè gbé ìka ọwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní mọ ibi tí òkè wà yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ó lè gbọ́ ohùn àwọn tí ń wá a, ṣùgbọ́n igbe tirẹ̀ kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé òtútù ni ó ń pa irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti fi orí gbá igi tàbí àpáta kí ó tó dúró, ṣùgbọ́n àwọn tí ó pọ̀ jù, èémí ni ó wọ́n wọn. Afẹ́fẹ́ wà nínú òjò dídì díẹ̀, ṣùgbọ́n ooru èémí wọn fúnra wọn ni ó ń yọ́ òjò dídì tí ó wà níwájú imú wọn, èyí tí yóò tún dì di èépá yìnyín tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá. Ìṣirò tí àwọn oníṣègùn ti ṣe ní ilẹ̀ Swítsálándì fi hàn pé nínú ẹni mẹ́wàá tí a bá hú jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni yóò yè. Bí ó bá fi di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nǹkan bí mẹ́ta péré ni.

Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè gbà á là bí kò ṣe àwọn tí wọ́n jọ ń lọ. Ẹni tí ó bá sáré lọ pe ìrànlọ́wọ́ ní ìsàlẹ̀ òkè, òkú ni yóò padà wá bá. Ohun mẹ́ta ni olúkúlùkù wọn ń gbé dání. Ẹ̀rọ kékeré kan tí a so mọ́ àyà ń ránṣẹ́ jáde láìdákẹ́, irú èyí tí wọn kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1968, tí ẹ̀rọ ẹnì kejì sì lè gbọ́ láti inú òjò dídì. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan wà tí wọ́n fi ń gún òjò dídì títí yóò fi kan ara ènìyàn. Ẹ̀kẹta ni ṣọ́bìrì, òun ni ó sì ń gba agbára jù, nítorí pé láti gbẹ́ ihò jíjìn tó mítà kan nínú òjò dídì tí ó ti gan kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ.

Kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó dé, ajá ni wọ́n gbójú lé. Ní ọ̀nà Great St Bernard, tí ó wà ní àárín Swítsálándì àti Ítálì ní ibi tí ó ga tó 2,469 mítà, àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà ti ń gba àwọn arìnrìn-àjò sílé láti nǹkan bí 1050. Àwọn ajá ńláńlá tí wọ́n ń sìn níbẹ̀ a máa bá wọn wá ẹni tí ó sọnù. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni Barry, tí wọ́n bí ní 1800, tí ó sì kú ní 1814. Wọ́n ń sọ pé ó gba ẹni tí ó ju ogójì là, wọ́n sì tọ́jú ara rẹ̀ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú Bern títí di òní. Àgbá ọtí kékeré tí àwọn ayàwòrán máa ń so mọ́ ọrùn irú ajá bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Àwọn ayàwòrán ni ó fi í kún un. Ajá ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí lónìí, ṣùgbọ́n àwọn tí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń gbé wọn lọ.

Àwọn tí ilé wọn wà ní ẹsẹ̀ òkè kò ní ààyè láti yàn bóyá wọn yóò lọ tàbí wọn kò ní lọ. Ìyalulẹ̀ ni ó ń wá wọn wá. Ní 1397, àwọn ará Andermatt ní Swítsálándì fi ìwé òfin lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi nínú igbó tí ó wà lókè ìlú wọn, nítorí pé igi ni ó ń di òjò dídì mú kí ó má baà gbéra. Ní Frauenkirch, lẹ́bàá Davos, wọ́n kọ́ ẹ̀yìn ilé ìsìn wọn ní ṣónṣó bí imú ọkọ̀ ojú omi, kí ó lè la ìyalulẹ̀ sí méjì. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ìgbà òtútù 1950 sí 1951 pa ẹni 98 ní Swítsálándì, ó sì pa ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Ọ́stríà. Lẹ́yìn náà ni ìjọba àti àwọn ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ri ọgbà irin mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè, ìpele lórí ìpele, níbi tí igi kò lè hù. Ní ibòmíràn, wọ́n ń yin àgbá tàbí ẹ̀tù sí òjò dídì láti mú un ya nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni ní ọ̀nà, kí ó má baà pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Ní oṣù Fẹ́búárì 1999, òjò dídì tí ó pọ̀ tó ti 1951 tún rọ̀. Ní Galtür, abúlé kan ní ilẹ̀ Ọ́stríà, wọ́n ti ti ọ̀nà fún ọjọ́ púpọ̀, àwọn àlejò kò sì lè jáde. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù náà, nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ìyalulẹ̀ kan já bọ́ sí àárín abúlé, ó sì pa ẹni 31. Púpọ̀ nínú àwọn ilé tí ó kàn wà ní apá tí àwòrán ilẹ̀ ti pè ní ibi àìléwu. Wọ́n ti mọ odi gíga kan síbẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n sì tún àwòrán ilẹ̀ náà yà. Ní Swítsálándì, ẹni 17 ni ó kú nínú ilé àti lójú ọ̀nà ní ìgbà òtútù kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn tí ó wà ní àárín òkè ti pọ̀ ju ti 1951 lọ fíìfíì.

Ìwé ìkìlọ̀ kó ipa tirẹ̀ nínú èyí. Ní orí òkè Weissfluhjoch, lókè ìlú Davos, pápá kan wà tí wọ́n ti ń wọn jíjìn òjò dídì láti 1936, àwọn onímọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí tí ó wà ní Davos ni ó sì ń ṣe ìkìlọ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà láti 1945. Láti 1993 ni àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ti ń lo òṣùwọ̀n kan náà, láti 1 dé 5. Ẹni tí ó bá rí 5 kò ní jáde nílé. Wàhálà wà ní 3, nítorí pé ó bọ́ sí àárín, ojú àwọn ènìyàn sì ń wò ó bí ẹni pé ó mọ níwọ̀n. Ewu tí ó wà nínú 3 pọ̀ púpọ̀ ju ti 2 lọ, ní ọjọ́ tí a bá sì kọ 3 ni ènìyàn ń kú jù. Ní ìgbà òtútù, wọ́n ń gbé ìwé ìkìlọ̀ náà jáde ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì tún ń ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gòkè lọ́la a kà á kí ó tó sùn, a sì tún kà á nígbà tí ó bá jí, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó fẹ́ ní òru lè ti kó ẹrù tuntun lé ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó dákẹ́ lánàá.